Ṣé Ẹnì Kan Wà Níbẹ̀?

Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan bi èkejì ní ìbéèrè tó gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn kì í pẹ́ kó tó dé. Ní ọdún 2009, Tanya Stivers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí èdè mẹ́wàá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ayé. Wọ́n wo fídíò àwọn èèyàn tó ń tàkùrọ̀sọ, wọ́n sì wọn àlàfo tó wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn. Bí a bá da èdè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, àlàfo náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Àwọn ará Japan ló yá jù, 0.007 ìṣẹ́jú àáyá péré ni tiwọn. Àwọn ará Denmark ló fara balẹ̀ jù, tiwọn tó 0.469. Yorùbá kò sí nínú èdè mẹ́wàá náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró níbi tí ìyá ọlọ́jà àti oníbàárà rẹ̀ ti ń nájà mọ̀ dájú pé a kì í ṣe ará Denmark.

Etí ọmọ ènìyàn ti mọ ìwọ̀n ìdákẹ́jẹ́ tó yẹ ọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn bá pẹ́ ju ìwọ̀n yẹn lọ díẹ̀, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: ṣé kò gbọ́ mi ni? Ṣé ọ̀rọ̀ mi dùn ún ni? Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló fẹ́ sọ tí ojú ń tì í? Lójúkojú, a ó wo ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yé wa. Bó bá jẹ́ pé a pe ara wa ni, a ó gbọ́ mímí rẹ̀, tàbí ká pariwo "Ẹ ń gbọ́ mi?" Nínú ṣáàtì, kò sí ojú, kò sí mímí. Ohun tó kù lójú fóònù ni ọ̀rọ̀ tí a kọ kẹ́yìn, àti àyè funfun lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń dúró bá kà sínú àyè funfun yẹn ló máa pinnu bóyá á dúró, bóyá á tún ìbéèrè rẹ̀ kọ, tàbí, bó bá jẹ́ báńkì rẹ̀ ló kọ̀wé sí, bóyá á bínú pa fóònù dé kó sì gba ẹ̀ka báńkì lọ lọ́jọ́ kejì. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ tún ṣáàtì ṣe, ìdákẹ́jẹ́ ni kó kọ́kọ́ ṣèwádìí lé lórí. Àwọ̀ bọ́tìnnì lè dúró.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ṣáàtì kò tilẹ̀ bá ìṣòro yìí pàdé. Ní ọdún 1973, ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Doug Brown àti David Woolley kọ ètò kan tí wọ́n pè ní Talkomatic sórí PLATO, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pín ojú kọ̀ǹpútà sí abala-abala, èèyàn márùn-ún sì lè jọ wà lójú kan náà. Bí ẹnì kan bá ṣe ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni àwọn yòókù ń rí i. Bó bá ṣàṣìṣe, wọ́n á rí i. Bó bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́, tó rọra fi òmíràn sípò rẹ̀, wọ́n á rí ìyẹn náà. Kò sẹ́ni tó nílò láti béèrè pé ṣé o ṣì wà níbẹ̀, nítorí ọwọ́ ẹni náà ń rìn lójú gbogbo wọn.

Àwọn ètò tó wá gbajúmọ̀ lẹ́yìn ìyẹn gba ọ̀nà mìíràn: kọ ọ̀rọ̀ rẹ tán ná, kó o tó fi ránṣẹ́. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Èèyàn lè kọ ìbínú, kó pa á rẹ́, kó kọ sùúrù sípò rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe rí ìbòjú yẹn gbà la pàdánù ọwọ́ tó ń rìn. Àmì roboto mẹ́ta tó ń fò sókè sódò nígbà tí ẹnì kejì bá ń kọ̀wé, ẹ̀san ni fún àdánù yẹn, ẹ̀san kékeré sì ni. Ó sọ pé ọwọ́ ń rìn, kò sọ ibi tó ń lọ.

Ní ọdún 2000, Bonnie Nardi, Steve Whittaker àti Erin Bradner tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ogún èèyàn tó ń lo ṣáàtì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n wò wọ́n, wọ́n sì fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe nínú ṣáàtì kì í ṣe gbígbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sọ́dọ̀ ẹnì kejì rárá. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹnì kejì wà lórí ìjókòó. Wọ́n ń ṣe àdéhùn ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Wọ́n ń jẹ́ kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láàárín ara wọn, bí kò tilẹ̀ sí nǹkan láti sọ lásìkò yẹn. Ká ní ẹni tó fẹ́ ṣe ṣáàtì tuntun ka ìwádìí yìí nìkan, ì bá ti mọ ibi tó yẹ kó gbájú mọ́.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀ ni ti WhatsApp. Tẹ́lẹ̀, máàkì kan túmọ̀ sí pé àtẹ̀jíṣẹ́ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, máàkì méjì sì túmọ̀ sí pé ó ti dé inú fóònù ẹni tí o kọ ọ́ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé máàkì méjì ni pé ẹni náà ti kà á. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ náà mú máàkì búlúù dé, kó lè dájú pé a ti ka ọ̀rọ̀. Ariwo ta. Àwọn èèyàn bínú débi pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ti ń fún wọn láyè láti pa á. Ẹ wò ó: àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dáhùn ìbéèrè kan, ìyẹn ni pé ṣé ó ti rí i. Wọ́n wá ṣí òmíràn tó burú jù ú lọ: o ti rí i láti àárọ̀, kí ló dé tí o kò fèsì? Kí máàkì búlúù tó dé, ẹni tí kò fèsì ní àwáwí tó pọ̀. Bátìrì kú. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Mi ò tíì ṣí i. Àwọn àwáwí kéékèèké wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí ìyàwó ilé àti àna rẹ̀ máa bá ara wọn gbé ní àlàáfíà. Ìdákẹ́jẹ́ tó ní ìtumọ̀ mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ wá ku ẹyọ kan.

Báwo wá ni ilé-iṣẹ́ ṣe lè mọ irú nǹkan báyìí kí ariwo tó ta? Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn ọ̀gá ni pé kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ mélòó nínú márùn-ún? Kí lẹ fẹ́ ká fi kún un? Ìbéèrè báyìí rọrùn, kò náni lówó, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà so èso rere.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àwa fúnra wa kì í mọ ohun tó mú wa ṣe nǹkan. Richard Nisbett àti Timothy Wilson fi èyí hàn ní ọdún 1977. Wọ́n to ìbọ̀sẹ̀ obìnrin mẹ́rin sórí tábìlì nínú ilé ìtajà kan, wọ́n ní kí àwọn tó ń kọjá sọ èyí tó dára jù. Ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún mú ti ọwọ́ òsì pátápátá, ìdá 17 mú èyí tó tẹ̀lé e, ìdá 31 mú ìkẹta, ìdá 40 sì mú ti ọwọ́ ọ̀tún pátápátá. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló fà á. Nígbà tí wọ́n bi àwọn èèyàn náà pé kí ló dé tí wọ́n fi mú èyí tí wọ́n mú, kò sẹ́ni tó dárúkọ ipò rẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ní híhun rẹ̀ dáa, wọ́n ní ó fẹ́lẹ́ dáadáa. Wọn kò purọ́. Wọ́n wá ìdí tó bọ́gbọ́n mu, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ìdí kejì kan ìwà, ó sì kàn wá gidi. Ní ọdún 2012, Nicola Dell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 450 ní ìlú Bangalore ní Íńdíà. Wọ́n fi nǹkan méjì han ẹni kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jẹ́ kó mọ̀ pé olùbéèrè náà ló ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Àwọn èèyàn yan ti olùbéèrè ní ìlọ́po 2.5 ju bí wọ́n ṣe yan èkejì lọ. Nígbà tí olùbéèrè jẹ́ òyìnbó tó nílò ògbufọ̀, ó di ìlọ́po 5. Kódà níbi tó ti hàn gbangba pé ti olùbéèrè ló burú jù, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì sọ pé òun ló dára.

Bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, èmi ò rò pé àwa náà á ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin kan dọ̀bálẹ̀ kí ìyá aláṣọ kan níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó na fóònù sí i, ó ní, "Mà, ṣáàtì tuntun tí a ṣe nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dáa?" Kí lẹ fẹ́ kí ìyá sọ? "Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Olúwa á mú kí iṣẹ́ yín gbòòrò." Ọmọ náà padà sí ọ́fíìsì, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú oníbàárà dùn. Àdúrà ló gbà bọ̀, kò gba ìròyìn kankan. Ẹni tí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ wá fún kì í sọ fún ọlọ́bẹ̀ lójú pé iyọ̀ já.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìwádìí dáadáa máa ń gba ẹ̀yìn yọ sí i. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà lọ béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á rán ẹlòmíràn, ẹni náà á sì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kọ́ lòun ṣe é, pé bí wọ́n bá bú u, kò kan òun. Wọ́n máa ń mú oríṣi méjì tàbí mẹ́ta dání, nítorí ó rọrùn láti sọ pé èyí tẹ́ mi lọ́rùn ju ìyẹn lọ, ju kéèyàn sọ pé èyí burú lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, wọn kì í béèrè bóyá nǹkan dáa. Wọ́n á ní: "Mà, ìgbà wo lẹ kọ̀wé sí báńkì kẹ́yìn? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí nínú fóònù yín." Ìyá kan náà tó ń ṣàdúrà á wá yí ohùn padà. Á ní, "Hẹn-ẹn! Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi mí síbẹ̀ látàárọ̀." Ibẹ̀ gan-an ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, wíwò ló kù. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù ni pé kí ẹni tó ń lo ẹ̀rọ máa sọ èrò ọkàn rẹ̀ jáde bó ṣe ń lò ó. Clayton Lewis ti ilé-iṣẹ́ IBM ló mú un wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọdún 1982. Fún ìwé ìkówóránṣẹ́ tàbí àwòrán ilẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Fún ṣáàtì, ó ní àléébù kan tí àwọn ìwé ìtọ́ni kì í sọ púpọ̀: ẹnu kan náà tí èèyàn fi ń ronú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kọ ni a tún fẹ́ kó fi sọ ohun tó ń rò. Bó bá ń sọ̀rọ̀, kò ní lè kọ̀wé. Bó bá ń kọ̀wé, á dákẹ́. Nítorí náà, ó sàn kí a gba ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú fóònù sílẹ̀, kí a jẹ́ kó ṣáàtì rẹ̀ tán láìdí i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ká jọ wo fídíò náà. Ibi tó bá ti dá ọwọ́ dúró, ká béèrè pé, "Níbí yìí, kí lẹ ń rò?" Ìgbà tó bá kúrò nínú ṣáàtì tó lọ sí ibòmíràn tó tún padà, ìyẹn ṣe kókó ju ọ̀rọ̀ tó kọ lọ. Bákan náà ni àwọn ọ̀rọ̀ tó kọ tó sì pa rẹ́ kó tó fi ránṣẹ́.

Fóònù tirẹ̀ ni kí ẹni tí a ń wò lò, dátà tirẹ̀ (kí a san owó rẹ̀ padà fún un), ní ìsọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti oníbàárà tó ń pè é. Yàrá tútù ní ọ́fíìsì á fi ìdákẹ́jẹ́ kan han olùwádìí tí kò jọ ti ìsọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń béèrè iye tó yẹ kí a wò. Jakob Nielsen àti Thomas Landauer ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 1993: nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, ẹnì kan ṣoṣo máa ń fi nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìṣòro tó wà níbẹ̀ hàn, bí a bá sì wo èèyàn márùn-ún, á ti tó nǹkan bí ìdá 85. Láti ìgbà náà ni èèyàn márùn-ún ti di òfin lẹ́nu àwọn tí kò ka ìyókù. Ní ọdún 2001, Jared Spool àti Will Schroeder dán ojú òpó ìtajà wò, èèyàn márùn-ún àkọ́kọ́ kò fi ju ìdá 35 hàn. Ọ̀ràn tí kálukú gbé wá ló yàtọ̀. Ṣáàtì sì sún mọ́ ti Spool ju ti Nielsen lọ, nítorí kò sí ohun tí èèyàn kò lè kọ síbẹ̀. Márùn-ún dára láti bẹ̀rẹ̀, kí a tún un ṣe, kí a tún mú márùn-ún mìíràn. Ṣùgbọ́n bí márààrún bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábà, ẹnì kan ṣoṣo la wò lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ń fò dá. Ẹni méjì ló ń lo ṣáàtì, oníbàárà nìkan la sì ń wò. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn fún wákàtí kan, ẹ ó rí ibi tí ìdákẹ́jẹ́ ti ń wá. Oníbàárà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní owó ti kúrò nínú àkáǹtì òun, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí òun fi ránṣẹ́ sí. Òṣìṣẹ́ yìí ní láti fi ṣáàtì sílẹ̀, kó ṣí ètò mìíràn, kó tẹ páásíwọ́ọ̀dù, kó da nọ́ńbà àkáǹtì náà kọ níkọ̀ọ̀kan, kó dúró de ètò tó ń fà bí ìgbín, kó tó padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò tẹ lẹ́tà kankan nínú ṣáàtì, nítorí náà àmì mẹ́ta yẹn kò fò. Òṣìṣẹ́ ń làágùn. Lójú oníbàárà, ó ti lọ jẹun. Àtúnṣe tó bá yẹ lè má jẹ́ inú ṣáàtì rárá. Bí nọ́ńbà àkáǹtì bá lè gba inú ṣáàtì wọ inú ètò kejì láìjẹ́ pé èèyàn ń dà á kọ, ìdajì ìdákẹ́jẹ́ náà lè lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, gbólóhùn kan lè gbà á là: "Mo ti rí ọ̀rọ̀ yín, mò ń wo àkáǹtì yín lọ́wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́rin." David Maister kọ ọ́ ní ọdún 1985, nígbà tó ń ṣàlàyé bí títò sórí ìlà ṣe máa ń rí lára èèyàn, pé ìdúró tí a kò mọ ìgbà tó máa parí gùn lójú ẹni ju èyí tí a mọ̀ lọ, èyí tí wọn kò sì sọ ìdí rẹ̀ gùn ju èyí tí wọ́n ṣàlàyé lọ.

Ó wá ku ẹ̀rọ tó ń dáhùn fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn báńkì wa ti ń gbé síta. Ti UBA tí wọ́n ń pè ní Leo ti wà láti ọdún 2018. Kí èèyàn tó náwó sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ kan wà láti mọ ohun tó máa bá pàdé. Ní nǹkan bí ọdún 1983, John Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe máa lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, nígbà tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí. Wọ́n fi akọ̀wé kan pamọ́ sí yàrá mìíràn. Ẹni tó wá dán an wò ń sọ̀rọ̀ sínú makirofóònù, akọ̀wé ń gbọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ń jáde lójú kọ̀ǹpútà bíi pé ẹ̀rọ ló ṣe é. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fóònù kan àti òṣìṣẹ́ kan tó mọ iṣẹ́, tí kò ní láṣẹ láti sọ ju àwọn gbólóhùn tí ẹ̀rọ náà máa lè sọ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á ti hàn pé ohun tí àwọn èèyàn ń béèrè kọ́ ni àwọn ọ̀gá tò sórí pátákó. Bí ó bá parí, a gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé èèyàn ló ń dáhùn, kí ẹni tí kò bá fẹ́ sì lè ní kí a nu ọ̀rọ̀ òun kúrò.

Níbi tí a dé yìí, ìbéèrè inú àkọlé mi ti yí padà. Kì í tún ṣe bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀, bí kò ṣe irú ẹni tó wà níbẹ̀. Joseph Weizenbaum ti MIT gbé ELIZA jáde ní ọdún 1966, ètò kékeré kan tó ń yí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá kọ padà di ìbéèrè. Akọ̀wé rẹ̀, tó ti rí i bó ṣe ń ṣe ètò náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣáàtì, kò sì pẹ́ tó fi ní kí Weizenbaum jọ̀ọ́ jáde nínú yàrá. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ìmọ̀ yẹn kò dá a dúró. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí ohun tó jọ ọ́ nígbà tí wọ́n dán GOV.UK Chat, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ojú òpó wọn, wò pẹ̀lú àwọn aráàlú. Nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dáhùn ìbéèrè wọn sọ pé ìdáhùn ẹ̀rọ náà wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà máa ń ṣàṣìṣe, àwọn kan kò sì ka ewu yẹn sí, nítorí orúkọ ìjọba ló wà lókè rẹ̀. Wọ́n fọkàn tán an torí ilé tó ń gbé. Bí ìwádìí bá parí sórí ìràwọ̀ mélòó nínú márùn-ún, irú ewu yìí á dà bí àṣeyọrí.

Lórí pé kí ẹ̀rọ máa díbọ́n bíi pé ó ń kọ̀wé, èmi kò fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí wà fún un. Ulrich Gnewuch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì fi hàn ní ọdún 2018 pé ẹ̀rọ tó bá dúró díẹ̀ kó tó fèsì, tí ìdúró náà sì bá gígùn èsì mu, tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn ju èyí tó ń fèsì lójú ẹsẹ̀ lọ. Ó ń jọ èèyàn lójú wọn. Mo gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ sọnù kò wá ẹni tó jọ èèyàn, ó ń wá ẹni tó lè bá a gbà á padà, ó sì yẹ kó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bóyá òun ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn oníbàárà wa ń kọ sí ṣáàtì á rí ohun kan léraléra. Wọn kì í kó ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀. Wọ́n á kọ "Ẹ káàárọ̀", wọ́n á sì dúró. Ẹ̀rọ á ju àkójọ sí wọn: tẹ 1 fún èyí, tẹ 2 fún tọ̀hún. Wọ́n á tún kọ ọ́: "Ẹ káàárọ̀ o." Ìròyìn ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ oníbàárà kò yé òun, lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá á ní kí a kọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n á ṣe máa lò ó. Àwọn kan ní òkè òkun tilẹ̀ ń bẹ ara wọn pé kí wọ́n má ṣe fi ìkíni lásán bẹ̀rẹ̀ ṣáàtì ibi iṣẹ́ mọ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Emanuel Schegloff ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1968, nígbà tó gbé ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan bí 500 ìpè tẹlifóònù yẹ̀ wò. Agogo tẹlifóònù tó ń dún, ìpè ni. "Hẹ́lò" tí ẹni tó gbé e kọ́kọ́ sọ, ìjẹ́pè ni. Bí ìjẹ́pè kò bá wá, ẹni tó pè kì í tẹ̀ síwájú, á tún pè ni. Ẹ káàárọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ìpè ni. Ìkejì náà, ìpè ni, nítorí wọn kò jẹ́ àkọ́kọ́. Oníbàárà tó kọ ọ́ kò ṣi ẹ̀rọ lò. Ó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ tí rédíò ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó dáhùn.

Àtúnṣe ibẹ̀ kò le. Kí ẹ̀rọ dáhùn ìkíni pẹ̀lú ìkíni, kó sọ orúkọ ara rẹ̀ àti pé ẹ̀rọ ni òun, kó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí àkójọ tó tẹ̀lé e. Èyí tó le ni kí ẹ̀rọ mọ ìkíni nígbà tó bá rí i, nítorí àwọn èèyàn ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, wọ́n ń gé e kúrú, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì là á, ọ̀pọ̀ kò sì ní kọ nǹkan kan, ohùn ni wọ́n á gbà ránṣẹ́. Kò sí bí onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe lè jókòó sí ọ́fíìsì kó ronú kan gbogbo rẹ̀. Láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn kọ ní tòótọ́ nìkan ló ti lè rí i.

Níbi ìṣirò bóyá àtúnṣe ṣiṣẹ́, kí a ṣọ́ra. Bí ṣáàtì bá kúrú sí i lẹ́yìn àtúnṣe, ó lè jẹ́ pé ọ̀ràn ń yanjú kíákíá, ó sì lè jẹ́ pé sùúrù ń tán kíákíá. Iye ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ "parí" kò sọ nǹkan kan, nítorí òun ló ń tẹ bọ́tìnnì tó parí rẹ̀. Èyí tí mo fọkàn tán ni iye àwọn tó padà wá sórí ọ̀ràn kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, yálà nínú ṣáàtì, lórí fóònù, tàbí ní ẹ̀ka báńkì. Ìṣirò yẹn nira, torí ẹ̀ka mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣe é.

Àkọsílẹ̀ ṣáàtì náà kún fún àṣírí. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2023 kan ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ oníbàárà nítorí ìwádìí gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Apá kan rọrùn: nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ díjíìtì mẹ́wàá, BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì) àti nọ́ńbà fóònù jẹ́ mọ́kànlá, nítorí náà ètò kékeré kan lè bo nọ́ńbà tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀ kí olùwádìí tó rí i. Orúkọ ọmọ, àìsàn, ìjà ẹbí, ìwọ̀nyí kò ní díjíìtì. Àwọn tí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ ló sì le jù, nítorí ohùn fúnra rẹ̀ ń dárúkọ olóhùn. Àwọn wọ̀nyẹn, ẹnì kan tó ti tọwọ́ bọ̀wé ni kó máa gbọ́ wọn, nínú ọ́fíìsì, kó dà wọ́n kọ láìsí orúkọ, kó sì nu ohùn náà kúrò kí ìwé tó kọ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ.